Aṣọ Ìgbẹ̀ìn Tí Wọ́n Pè Ní Aṣọ Òkèèrè

Aṣọ òkèèrè ni wọ́n kọ sí i. Ojú mi ló ṣe, nínú ìwé ńlá kan lórí tábìlì ní ẹnubodè, bíró pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: àádọ́rin ìró, aṣọ òkèèrè, ẹrù fàyàwọ́. Àdìrẹ tí màmá mi rẹ nínú àgbàlá wa ní Ìgbẹ̀ìn, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n ń wí. Elú tó fi rẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Wásinmi ló ti rà á. Èmi fúnra mi ni mo fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára púpọ̀ nínú wọn nígbà ìsinmi, tí ẹ̀yìn ń ro mí. Kò sí ọ̀kan tó fojú kan ọkọ̀ ojú omi rí nínú wọn. Síbẹ̀, òkèèrè.

Mo kàwé. Mo mọ àṣìkọ, mo sì mọ irọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn, wọ́n á ní, "Ìgbà ológun nìyẹn, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?" bí ẹni pé òjò ló rọ̀. Òjò kọ́ o. Ènìyàn ló jókòó, ó mú bíró, ó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí ìbínú mi má baà ṣáájú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí kí wọ́n tó fi okùn dí i.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ní ìparí àwọn ọdún 1970, Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé sọ ní Pọ́tò-Nófò kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Pijó á gbéra ní gáréèjì láàárọ̀, á gba Ìlaròó kọjá, kí wọ́n tó kí ìrun alásárì, ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ ti ń jẹ búrẹ́dì gígùn. Ní ẹnubodè, wọ́n á wo ojú yín, wọ́n á wo ẹrù yín, wọ́n á kí yín, ó tán. Èdè kan náà lẹ fi kúrò nílé, òun náà lẹ fi dé ibi tí ẹ ń lọ. Tí ẹ bá gbé ìkòkò aró dání, kò sí ẹni tó máa bi yín pé kí ni.

Ibẹ̀ ni obìnrin tí màmá mi fẹ́ràn jù láyé ń gbé. Ìyá Àjàṣẹ́ là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màmá mi fi ọdún bíi márùn-ún jù ú lọ. Kì í ṣe ẹbí wa. Ọjà ló mú wọn pàdé, kí wọ́n tó bí mi, kí aṣọ sì tó di ohun tí ènìyàn ń sápamọ́ tà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣòwò náà kò le. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí oòrùn tó láti fi gbẹ aṣọ, màmá mi á rẹ àdìrẹ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dúdú dé ìgúnpá. Á di wọ́n ní ìdì kan, á fi ránṣẹ́ sí Ìyá Àjàṣẹ́, ìyẹn á sì máa bá a tà á nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí òjò bá tún ń bọ̀, á kó èyí tó ṣẹ́kù padà wá. Òfin kan wà láàárín wọn lórí èyí. Kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó rú u rí: ẹni tó bá gba aṣọ ẹlòmíràn tà ló gbọ́dọ̀ bójú tó o títí àṣẹ́kù rẹ̀ yóò fi délé, aṣọ náà sì gbọ́dọ̀ dára ju bó ṣe gbà á lọ. Bí etí rẹ̀ bá tú, á rán an. Bí ó bá ṣá, á gbé e fún àwọn tó ń fi igi lu aṣọ kí ó lè máa dán padà. Ìtìjú ńlá ni kí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ti ọwọ́ rẹ padà sílé bí ìyàwó tí wọ́n lé.

Nítorí àṣẹ́kù yìí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, Ìyá Àjàṣẹ́ á wá bá wa, á lo ọjọ́ mẹ́rin. Ó kúrú, ó sanra, orúnkún rẹ̀ òsì máa ń dùn ún, nítorí náà láti ìsàlẹ̀ òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa la ó ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá yìí, òkúta lẹ fi ṣe ìlú, òkúta lẹ fi ṣe ọkàn. Ta ló ní kí ẹ kọ́lé sórí òkè?"

Màmá mi á dáhùn láti ìdí ìkòkò aró, kò ní dìde. "Àwọn tí kò fẹ́ kí ará Àjàṣẹ́ tètè bá àwọn nílé ni. Yorùbá tó ń fi Faransé ra iyọ̀!"

"Mẹ́sí o. Ẹ jẹ́ kí n dé òkè ná, ẹ ó rí i."

Ó máa dé òkè, á jókòó lórí àpótí, wọ́n á sì máa wo ara wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo ní ọ̀rẹ́. Kò sí ẹni tó wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn rí.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ẹ̀bi tèmi wà. Mi ò lè máa ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n fo tèmi.

Ọdún tí mo wọ yunifásítì, màmá mi ní kí n tẹ̀lé ìdì aṣọ lọ sí Àjàṣẹ́, kí n lo ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá Àjàṣẹ́ mú mi dé Kútọnu, a wọ ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ olówó iyebíye. Ìró kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wé, ó ń dán, wọ́n sì fi lẹ́tà pupa kọ Faransé sí i lára. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo ní, "Ìyá, ẹ wo bébà yìí. Tí a bá fi irú èyí wé àdìrẹ, ojú tí wọ́n á fi máa wò ó á yàtọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé òótọ́ ni, akọ̀wé?"

Mo ní, "Òótọ́ ni. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì."

Wọn ò kọ́ wa. Ìmọ̀ ìtàn ni mo lọ kọ́, mi ò sì tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ìgbéraga ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n mo rí Ìyá Àjàṣẹ́ tó ń mi orí, bí ẹni tó gba iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí ìjọba ológun ti gbapò, a gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé wọ́n fẹ́ ti bodè. Àwa gbọ́, Àjàṣẹ́ náà gbọ́. Òjò kò tíì kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àjàṣẹ́ kò fẹ́ kí bodè tì mọ́ aṣọ aláṣọ lọ́wọ́ òun. Ó kó gbogbo èyí tí kò tíì tà jọ, ó ní kí wọ́n lù wọ́n, ó rán etí wọn, ó sì lọ sí Kútọnu fún ìtọ́jú kan tí kò ṣe rí: ó lọ ra bébà. Ó wé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àádọ́rin ìró, kí màmá mi lè tú ìdì kí inú rẹ̀ sì dùn. Ó fi ẹrù náà ṣáájú láàárọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ kan tí àwọn méjèèjì mọ̀ dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀sán, nítorí pé ó fẹ́ kọ́kọ́ lọ kí àwọn ẹbí ẹnì kan tó kú.

Ẹrù kọjá sí ìhà tiwa. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, bodè tì.

Awakọ̀ náà ló wá bá wa n'Ìgbẹ̀ìn lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Àwọn aṣọ́bodè ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Wọ́n tú ìdì, wọ́n rí lẹ́tà òyìnbó lára bébà, wọ́n ní aṣọ òkèèrè ni, pé ìjọba ti ní kí wọ́n má kó o wọlé mọ́."

Màmá mi ní, "Bébà wo?"

Mo mọ bébà tó ń wí kí ó tó ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ kẹta, èmi àti màmá mi dé ẹnubodè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìbu iyọ̀ sí i. Ọ̀gá tí a bá níbẹ̀ kò ní kí màmá mi jókòó. Ìró mẹ́ta péré ni wọ́n tú wò nínú àádọ́rin. Ó ń fi ọ̀kan nínú bébà náà nu ọwọ́ lẹ́yìn tó jẹ mọ́ínmọ́ín tán, bébà tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀rí òfin ni.

Màmá mi rọra ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo rẹ aṣọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù díẹ̀ nínú omi fún mi."

Wọ́n fún un. Ó rẹ etí aṣọ kan, ó fi gèlè funfun orí rẹ̀ ra á, gèlè náà di búlúù. Ó fi hàn án.

Ọ̀gá ní, "Ìyá, búlúù wà ní òkèèrè náà."

Màmá mi tún yọ igun aṣọ náà jáde, ó fi àmì kékeré kan hàn án, ibi tí ó fi okùn ìko so kí ó tó gbé e sínú aró. Ó máa ń ṣe é sí igun gbogbo aṣọ rẹ̀, ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ ni. Ó ní, "Ẹ tú àwọn yòókù. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tí kò ní èyí, ẹ má fún mi."

Ọ̀gá wo àmì náà dáadáa. Ó gbà gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà gbọ́, ohun tí mi ò lè dárí jì í nìyẹn. Ó ní, "Níbo ni ẹrù ti wá? Òkè bodè. Ohun tó bá ti òkè bodè wá, ti òkèèrè ni."

Màmá mi ní, "Ọmọ tó lọ kí àǹtí rẹ̀ tó wá padà wálé, ṣé ó ti di àjèjì nìyẹn?"

Akọ̀wé tó jókòó ní kọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan wà o. Bí Ìyá bá lè sọ pé obìnrin òkè bodè yẹn ló jí aṣọ òun, á jẹ́ pé ẹrù olè tí wọ́n gbà padà ni, aṣọ Nàìjíríà, òun á sì yọ̀ǹda rẹ̀ lónìí yìí. Ó ju ìwé funfun kan sí iwájú mi. "Ọmọ yín kàwé. Kí ó kọ ọ́, kí ẹ tẹ̀ka sí i."

Mo kọ ọ́.

Ẹ má wulẹ̀ wá àwáwí fún mi. Ẹni ogún ọdún àti díẹ̀ ni mí nígbà náà, mo gbọ́n, mo mọ ohun tí mo ń kọ. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko ló wà nínú ìdì yẹn, òun ni màmá mi fẹ́ fi ra aṣọ tẹ́ẹ̀rú funfun tí a ó tún rẹ. Láìsí i, ìkòkò aró máa gbẹ. Mo kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara, kò sí àṣìkọ kan níbẹ̀. Mo wá tú u sí Yorùbá fún màmá mi.

Ó ní, "Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un kà.

"Ta ni wọ́n pè lólè níbẹ̀?"

Mo ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kò ní mọ̀."

Ó wò mí. Kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aṣọ tó rò pé ó ti gba aró, tó wá rí i pé inú rẹ̀ ṣì funfun. Ó kọjú sí ọ̀gá. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. N kò ní tẹ̀ka. Ẹni tó jí nǹkan kì í lu nǹkan ọ̀hún kó dán, kó rán etí ẹ̀, kó wá gbé e padà fún olówó ẹ̀."

Ọ̀gá ní ó dáa, kí a padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, bóyá àwọn ọ̀gá òun á gbọ́ ẹjọ́ náà. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹrìnlá gérégé. Wọ́n ti ta aṣọ ní gbàǹjo láti ọjọ́ kẹsàn-án. Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn mẹ́rin lórí ọjọ́ márùn-ún yẹn nìkan. Kò sí èyí tí wọ́n dáhùn.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, bí a ṣe jáde ní ọ́fíìsì, obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì dá wa dúró. Ó ní ṣé àwa la ni àdìrẹ. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní obìnrin kan ti wà lódì kejì láti ìjẹta, kì í lọ sílé bí kò ṣe pé ilẹ̀ ṣú, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀, àwọn ènìyàn sì ti kígbe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹrù náà fún un.

Àgbá ọ́ìlì ni wọ́n fi dí ojú ọ̀nà, wọ́n na okùn láti orí èyí sí orí èyí. Ilẹ̀ tó ṣófo wà láàárín, lẹ́yìn náà okùn tiwọn, àwọn ènìyàn sì tò lọ́tùn-ún lósì, kálukú ń pariwo sí ẹni tirẹ̀. Ẹnìkan ń béèrè bóyá ọmọ ti hu eyín. Ẹnìkan ń ṣàlàyé ibi tí òun fi kọ́kọ́rọ́ sí. Mo rí Ìyá Àjàṣẹ́ kí màmá mi tó rí i. Ó jókòó lórí kéésì ọtí, ó na ẹsẹ̀ òsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi o!"

"Mò ń gbọ́ ọ! Má pariwo, adití kọ́ ni mí!"

"Ẹ forí jì mí o! Bébà ni! Èmi ni mo fi bébà wé e!"

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, mò ń retí kí Ìyá Àjàṣẹ́ sọ èyí tó kù. Ó rí mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin lókè orí àwọn àgbá yẹn. Kò dá orúkọ mi. Ó tún un wí pé, "Ọgbọ́n orí ara mi ni! Mo rò pé á wù yín!"

Màmá mi ní, "Ó wù mí! Bébà náà rẹwà!"

"Àwọn ará ibí ní wọ́n ti ṣe é fún ẹlòmíràn: bí ẹ bá sọ pé mo jí i, wọ́n á kó o fún yín! Ẹ sọ bẹ́ẹ̀! Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe níhìn-ín? Ẹ ní olè ni mí, ẹ gba ẹrù yín!"

Àwọn tó wà nítòsí ti ń gbọ́ wa. Màmá mi fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìwọ? Orúnkún wo lo fẹ́ fi sáré olè?"

Ọ̀tún òun òsì rẹ́rìn-ín. Sójà tó dúró ti okùn náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ má fi ṣe àwàdà, ẹ̀gbọ́n mi! Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan nìyẹn!"

"Ẹ̀ẹ̀rùn kan ni. Ìwọ ńkọ́, ẹ̀ẹ̀rùn mélòó ni ìwọ?"

Ìyá Àjàṣẹ́ fi ìborùn bojú. Lẹ́yìn náà màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa orúnkún, nípa ilé tí òjò ń jò, nípa ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí kò mọ ọbẹ̀ sè, ìyẹn náà sì ń dáhùn, wọ́n ń kígbe ọ̀rọ̀ inú ilé sí ara wọn lójú gbogbo ayé títí sójà fi ní, "Ẹ̀yin ìyá, ó tó o, ẹ jẹ́ kí àwọn mìíràn náà sọ tiwọn."

Wọn ò tún rí ara wọn mọ́. Bodè wà ní títì títí mo fi gboyè jáde. Kí wọ́n tó ṣí i, ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́ ti mú un lọ sí Lómè, ẹsẹ̀ màmá mi náà kò sì gbé e rìn jìnnà mọ́. Ìkíni ń wá láti ẹnu àwọn awakọ̀, ó ń dín kù, ó dáwọ́ dúró. Màmá mi ń rẹ aṣọ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ará ọjà Ìtòkú. Mo wá lọ sí Àjàṣẹ́ nígbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Táyà ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó wà níbẹ̀ bi mí ta ni mò ń wá, mo ní kò sí ẹnìkan.

Ṣùgbọ́n mọ́tò tó gbé èmi àti màmá mi padà lọ́jọ́ kẹta yẹn ni mo máa ń rántí jù. Láti ẹnubodè ni mo ti ń to àwọn ẹ̀sùn lọ́kàn mi, èyí tí mo máa kọ́kọ́ kọ, ẹni tí mo máa kọ ọ́ sí. Gèlè màmá mi tí aró ti sọ di búlúù wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìlaròó, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Màámi, èmi ni mo kọ́ Ìyá Àjàṣẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi bébà wé e, ní Kútọnu, ọdún tí ẹ rán mi lọ."

Ó ń wo ojú fèrèsé. Mo rò pé kò gbọ́. Mo tún fẹ́ wí i.

Ó ní, "Ìyá Àjàṣẹ́ ti rù. Ṣé o rí i? Ọrùn rẹ̀, ó ti rù."